Hubert Adédèjì Ògúndé: Ọlọ́pàá tí Ó Gbé Ẹjọ́ Lọ sí Orí Ìtàgé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni. Àkàsọ̀ tí ènìyàn yóò gùn lé ní 600, kí ó sì tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ lókè, èémí rẹ̀ yóò ti kúrú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibẹ̀ tán, yóò gbàgbé àárẹ̀ náà. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lórí òkè yìí kan náà ni òkúta kan wà tí ojú ẹsẹ̀ hàn lára rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Àwọn àgbà ìlú wa a máa sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá ojú ẹsẹ̀ yìí mu, ìbáà ṣe ti ọmọdé, ìbáà ṣe ti àgbàlagbà, àfi ẹsẹ̀ òṣìkà àti ti àjẹ́ nìkan.

Nígbà tí a wà ní kékeré, a kò rò ó rárá pé ilé ẹjọ́ àti ojú ẹsẹ̀ yìí ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ni a tó rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n jẹ́ tí ènìyàn fi ń wá ọ̀daràn. Ní ilé ẹjọ́, ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn yóò sọ tẹnu rẹ̀, ẹlẹ́rìí yóò jẹ́rìí, adájọ́ yóò sì gbé ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì yẹ̀ wò. Lórí òkúta, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sì sí àròyé. Bí ẹsẹ̀ kò bá ti bá a mu, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú méjèèjì, èwo ni ọkàn àwọn ènìyàn wa gbà gbọ́ jù?

Ìbéèrè yìí ni ó mú kí a yan ìtàn ìgbésí ayé Hubert Adédèjì Ògúndé láti sọ fún yín. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí bàbá eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò rántí ni pé kí ó tó di òṣèré ó ti ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn. Ó ṣe olùkọ́ bí àwa tí a ń ka ìwé yìí, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni ó ti mọ ohun tí òfin jẹ́. Nígbà tí ó sì bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, òfin kò yéé wá a kiri.

Ọdún 1916 ni a bí i ní Òsòsà, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì na ìwé òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo bo gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìwé òfin náà kò ti ilẹ̀ wa wá. Láti Queensland ní ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti rí àwòkọ rẹ̀, wọ́n lò ó ní Àríwá láti 1904, kí wọ́n tó gbé e kan gúúsù pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà àti òfin náà ṣe jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, wọn yóò sì pàdé ara wọn ní ìgbà púpọ̀.

Kí ìwé òfin yìí tó dé, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò wà láìní òfin. Àwọn Òṣùgbó ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ tí ó bá wúwo, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892. Ìdájọ́ mìíràn sì tún wà tí kò nílò adájọ́, èyíinì ni orin àti eré. Àwọn eégún alárìnjó a máa lọ láti ìlú dé ìlú, wọn a máa fi ọ̀mùtí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a máa fi olè àti aláṣejù ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú agbo, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn yóò sì forí pamọ́ sẹ́yìn èrò. Kò sí ẹni tí ó lè mú òṣèré fún èyí, nítorí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán; òfin ni ó jẹ́ fún àwọn baba wa. Ọba tí ó bá ṣe ohun tí kò yẹ lè gbọ́ ọ nínú orin, kí ó sì tún ara rẹ̀ ṣe kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sí i.

Bàbá Ògúndé, Jeremiah, jẹ́ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀ a máa jẹ́ Eunice. Bàbá rẹ̀ àgbà sì jẹ́ babaláwo. Nítorí náà, orin ìjọ àti ẹsẹ Ifá ni etí ọmọ náà jọ gbọ́ dàgbà. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó ń tẹ̀lé àwọn eégún alárìnjó, ó sì ń bá wọn ṣeré, ohun tí ọmọ oníwàásù kì í sábà ṣe. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. John ní Òsòsà, lẹ́yìn náà ó lọ sí St. Peter ní Fàájì ní Èkó, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Wasinmi ní 1932. Lẹ́yìn èyí ó padà sí Òsòsà, ó di olùkọ́, ó sì ń tẹ dùùrù fún ìjọ. Bí ọdún mẹ́jọ ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. A lè fojú inú wò ó bí ó ti dúró níwájú àwọn ọmọdé pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, tí ó sì ń kọ́ wọn ní orin nígbà tí ìṣirò bá ti sú wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1941, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Ogun Hitler ń jà nígbà náà, nǹkan sì ti gbówó lórí. Ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tí ó wọ̀ kò tí ì pẹ́ púpọ̀ bí ó ti wà nígbà náà, nítorí pé ní 1930 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Ní 1943 wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀bútè-Mẹ́tta ní Èkó, ó sì wà ní ipò ọlọ́pàá tí ó kéré jù lọ.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá kékeré kì í ṣe iṣẹ́ ọlá, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni fún ẹni tí ó bá la ojú sílẹ̀. Ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ máa ń rí ọ̀daràn kí adájọ́ tó rí i. Òun ni ó ń gbọ́ irọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ mọ́ fún ilé ẹjọ́. Ó ń rí ebi tí ó sọ ẹlòmíràn di olè, ó sì ń rí ẹni tí ó yó tí ó ń jalè síbẹ̀. Ó ń rí bí àwọn èrò ti máa ń gbá ènìyàn mú, tí wọn yóò ti lù ú tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó jí. Àwọn amòye tí ń ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń kọ ìwé ńlá lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ògúndé kò kọ ìwé kankan lórí wọn, ṣùgbọ́n ó ní ojú tí ó ń wo nǹkan àti etí tí kì í gbàgbé ohùn.

Ní Èkó ó wọ ìjọ Aládùúrà. Ìjọ náà fẹ́ kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe eré tí yóò mú owó wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni eré náà dá lé. Èrò púpọ̀ wá, inú wọn sì dùn, nítorí pé kò jókòó sójú kan bí eré tí àwọn ìjọ ń ṣe tẹ́lẹ̀; ijó wà nínú rẹ̀, ìlù wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà nínú rẹ̀ bí ènìyàn ti ń sọ ọ́ nílé. Ó yẹ kí a kíyèsí i pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ láyé ni ọlọ́pàá yìí fi bẹ̀rẹ̀. Òfin wà ní Ọgbà náà, ẹnìkan rú u, a sì bi í léèrè kí a tó dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo kò ṣàì béèrè lọ́wọ́ Ádámù.

Ní 1945 Ògúndé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tí ó fi hàn pé iṣẹ́ ìwádìí orin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fẹ́ ṣe, African Music Research Party. Orúkọ náà kì í ṣe fún ẹ̀yẹ. Orin, ijó àti àṣà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ará oko ni ó ń kó jọ, tí ó sì ń gbé lọ síwájú àwọn ará ìlú ńlá. Kí ọdún 1946 tó parí, ó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ènìyàn rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ gidi lójú wọn nígbà náà, alágbe ni wọ́n sì ń pe òṣèré. Nígbà tí ó wá ọmọbìnrin sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣòro fún un púpọ̀ láti rí, nítorí pé kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ òun di oníjó.

Láti ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ òfin àti ọ̀daràn ti gba inú eré rẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ṣe ní 1945, ni ó fún ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó burú ju ìwà ọ̀daràn lọ. Òwò ẹrú àti ìjẹgàba lórí ẹlòmíràn ni ó ń bá wí níbẹ̀. Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwé òfin mọ ẹni tí ó jí ewúrẹ́ sí ọ̀daràn. Kí ni a ó ha pe ẹni tí ó jí ènìyàn, tàbí ẹni tí ó gba ilẹ̀ onílẹ̀, tí òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀? Ọlọ́pàá tí ó ti ń mú àwọn olè kéékèèké ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945 yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn, da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ogun ti mú kí oúnjẹ wọ́n, owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gùn ju oṣù kan lọ. Ògúndé fi í ṣe eré, ó sì pè é ní eré ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ebi. Kò dárúkọ Gómìnà kankan nínú rẹ̀. Ọba òǹrorò kan ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n òwe kì í runi lójú bí a bá mọ ilé olówe. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, àwọn aláṣẹ kò jẹ́ kí ó rí i ṣe, wọ́n sì gba £125 lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Owó ńlá ni èyí jẹ́ ní àkókò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá àná di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú òfin. Òfin tí ó wà nínú ìwé kò mọ̀ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Èyí kò dẹ́rù bà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ ní àfonífojì Iva ní Enugu. Àwọn awakùsà èédú ń bá ìjọba jà nítorí owó iṣẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ láti kó àwọn ohun tí a fi ń fọ́ àpáta kúrò, ni ìbọn bá dún. Awakùsà 21 ni ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì tó bí 50. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir William Fitzgerald jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó pàṣẹ ìbọn ṣe àṣìṣe nínú èrò rẹ̀. Ẹni tí ó bá jí ewúrẹ́ yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀mí 21 di ọ̀ràn àṣìṣe.

Ní 1950 Ògúndé fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré kan tí orúkọ rẹ̀ so búrẹ́dì àti ọta ìbọn pọ̀. Kí ẹ tó sọ pé ohun tí gbogbo òṣèré lè ṣe ni èyí, ẹ rántí pé ẹni tí ó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá ni ó ń fi ìbọn ọlọ́pàá hàn fún ìlú. Kò ṣe é nítorí pé ó kórìíra iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, ó ṣe é nítorí pé ó mọ ohun tí iṣẹ́ náà yẹ kí ó jẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Kánò, wọ́n tún dá wọn dúró. Wọ́n mú Ògúndé, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń ru àwọn ènìyàn sókè sí ìjọba. Ẹ̀sùn yìí wúwo, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ náà yẹ fún àkíyèsí wa. Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, ó sì dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ńlá náà. Kìkì pé ó lẹ ìwé ìpolówó eré káàkiri láìgba àṣẹ ni wọ́n bá a wí fún, ó sì san £6. A kò lè ṣàì yin èyí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àjèjì ni ó gbé ẹjọ́ wá, tí ó sì jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ìjọba náà ni ó gbọ́ ọ, ẹ̀rí ni wọ́n wò, ẹ̀rí kò sì tó. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí ìwúlò ilé ẹjọ́. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀sùn kàn ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun náà ni yóò dá ẹjọ́.

Òmìnira dé ní 1960. Ẹnikẹ́ni lè rò pé wàhálà òṣèré yìí pẹ̀lú òfin ti parí, nítorí pé ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì mọ̀ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, ilé ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1964 Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, bẹ Ògúndé kí ó ṣe eré fún ayẹyẹ wọn. Eré tí ó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Nínú rẹ̀, ọba kan wà tí igbákejì rẹ̀ dà á, tí ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá, tí wọ́n sì sọ ọba náà sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó joyè lẹ́yìn rẹ̀ di òǹrorò, títí àwọn ará ìlú fi dìde.

Àwọn tí ó pè é wá ṣe ayẹyẹ kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ìjọba fi kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé jẹ́ ẹgbẹ́ tí òfin kò gbà láyè ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀rọ̀ Kánò. Ní Kánò, ìjọba àjèjì mú un lọ síwájú adájọ́. Ní ilé, ìjọba àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò mú un lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ni wọ́n pa, àṣẹ sì ni ìdájọ́. Òfin tí a fi ń dẹ́kun ẹgbẹ́ tí kò bófin mu ni wọ́n fi mú ẹgbẹ́ onílù àti oníjó. Ẹni tí ó ń jẹ nípa eré ni wọ́n tì í mọ́ ìta gbọ̀ngàn ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó, ní gbogbo ibi tí èdè rẹ̀ ti jẹ́ èdè ìlú. Ó fèsì pẹ̀lú eré mìíràn tí ó pè ní Òtítọ́ Korò, ó sì lọ ń ṣeré ní Èkó àti ní ibòmíràn tí ọwọ́ ìjọba náà kò dé. Ìfòfindè yìí wà títí di oṣù kejì ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, tí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì sì mú un kúrò. Àwọn tí wọ́n fi òfin de eré náà kò sí nípò mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n eré náà àti orin rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní.

Títí dé ibí yìí, ìyìn ni a ti ń yin ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ ìtàn kò gbọ́dọ̀ pọ́n ènìyàn títí kí ó fi ojú pa ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ní 1979 Ògúndé gbé fíìmù kan jáde tí a ń pè ní Ayé, láti inú eré rẹ̀ kan tí ó ti ṣe ṣáájú. Jáyésinmi àti àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Èrò rọ́ lọ wò wọ́n. Nínú Ayé, òun fúnra rẹ̀ ni babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́ tí ń pa ìlú run. Ifá ni ó ń fi ọ̀daràn hàn níbẹ̀, agbára ni ó sì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá àṣìṣe wà. Ẹni tí ó ń wòran ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí ó jẹ̀bi, nítorí pé òṣèré ti fi í hàn án.

Ohun tí ó dára fún eré ni èyí. Gbogbo wa ni a fẹ́ kí òdodo borí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti inú ìran jáde tún ń padà sí àdúgbò níbi tí ìyá arúgbó kan ń dá gbé. Àwọn àgbà a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì dà bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó wà ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta ní 1943 yóò ha gbà á bẹ́ẹ̀? Yóò béèrè ta ni ó gbọ́ igbe náà, àìsàn wo ni ó ṣe ọmọ, ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní òru. Ìtàgé tí ó gba òtítọ́ là lọ́wọ́ Gómìnà lè di ojú ẹsẹ̀ orí òkúta fún aláìṣẹ̀, bí àwọn tí ń wòran kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti ẹ̀rí. A kò sọ èyí láti fi tàbùkù Ògúndé. A sọ ọ́ nítorí pé agbára tí ó wà lọ́wọ́ òṣèré pọ̀ ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ adájọ́ lọ. Ènìyàn díẹ̀ ni ó ń jókòó sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó ń wo ìran.

Ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ pe Ògúndé kí ó wá dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì kọ́ abúlé fún iṣẹ́ fíìmù sí Òsòsà, ìlú tí ó ti ṣe olùkọ́. Fíìmù tí ó ṣeré nínú rẹ̀ kẹ́yìn ni Mister Johnson, tí a yà ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti inú ìwé tí Joyce Cary kọ ní 1939. Ìtàn akọ̀wé kan ni, tí ó fẹ́ràn ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju ara rẹ̀ lọ, tí ó jalè, tí ó pa ènìyàn, tí ọ̀gá rẹ̀ Òyìnbó tí ó fẹ́ràn sì gba ẹ̀mí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ògúndé tí ó fi ẹjọ́ Ọgbà Édẹ́nì bẹ̀rẹ̀ eré fi ẹjọ́ akọ̀wé yìí parí rẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sin sí Òsòsà.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa tí a ó di olùkọ́? Ní kíláàsì, olùkọ́ ni ọlọ́pàá, òun ni adájọ́, òun náà sì ni ó ń mú ẹgba. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ẹnìkan pàdánù owó oúnjẹ rẹ̀. Gbogbo wa tọ́ka sí ọmọ kan, nítorí pé ó ti jí pẹ́ńsù rí, àti nítorí pé ó ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ nà án. Ní ọjọ́ kejì ni ẹni tí ó ni owó rí i nínú ìwé rẹ̀. A kò gbàgbé ojú ọmọ náà. Kò sunkún nígbà tí wọ́n ń nà án, ìgbà tí wọ́n rí owó náà ni ó tó sunkún. Gbogbo wa ni a dá ẹjọ́ náà, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í léèrè.

Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé nígbà tí a bá dé ilé ẹ̀kọ́ tí a ó rán wa lọ, a ó máa ṣe eré ilé ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan. Ọmọ kan yóò jẹ́ olùpẹ̀jọ́, òmíràn yóò jẹ́ olùjẹ́jọ́, àwọn kan yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ni a ó sì fi sí ipò ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn, kí ó lè mọ bí ó ti ń rí lára. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ èyí nínú eré kò ní nílò láti fi aláìṣẹ̀ kọ́ ọ nígbà tí ó bá di ọba, tàbí adájọ́, tàbí ọlọ́pàá. Bí òun náà bá sì gun Òkè Ìdànrè ní ọjọ́ kan, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tayọ̀tayọ̀ bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó yà sí ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà pẹ̀lú, kí ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ jù.